Ọwọ́ Ta Ni Ó Yẹ Kí Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Ìkàwé Wà?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sábà gbọ́ nígbà tí àwọn àgbà bá ń jíròrò lórí ètò ẹ̀kọ́. A máa ń gbọ́ nípa owó oṣù, nípa òrùlé tí ń jò, nípa àga àti tábìlì tí kò tó. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe pàtàkì, n kò sì bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni ń béèrè bóyá ẹni tí a fi ìwé ilé-ẹ̀kọ́ sí lọ́wọ́ kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ìwé? Bí ó bá sì ti kọ́ ọ rí, ìgbà wo ni ó tún lọ kọ́ kún un?

Kí a má baà ṣi ara wa gbọ́, ohun tí mo ń pè ní yàrá ìkàwé ni ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ kó ìwé rẹ̀ sí fún kíkà, ìbáà ṣe gbọ̀ngàn ńlá tàbí kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ní igun ọ́fíìsì ọ̀gá. Àwọn ẹlòmíràn a máa pè é ní láíbìrì. Olùtọ́jú ìwé ni ẹni tí a fi ṣe alábòójútó rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, olùkọ́ ni ẹni náà máa ń jẹ́, tí ó ń kọ́ kíláàsì tirẹ̀, tí ó sì ń bójú tó ìwé mọ́ ọn.

Ẹ wo ọ̀nà tí a ń gbà yan ẹni náà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, ẹni tí ara rẹ̀ kò le tó láti dúró níwájú kíláàsì mọ́, tàbí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí kò lè kọ̀, ni a máa ń gbé kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. A ka iye ìwé fún un, ó fọwọ́ sí i, a sì sọ fún un pé bí ọ̀kan bá sọnù, òun ni yóò san án. Láti ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ìwé tí kò bá jáde kò lè sọnù. Nítorí náà ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò. Ọmọ tí ó bá wá béèrè ìwé di ẹni tí ó fẹ́ kó o sí gbèsè. Nígbà tí alábẹ̀wò bá dé, ìwé pé pérépéré, gbogbo ènìyàn sì yìn ín. Ikán nìkan ni ó ti ka àwọn ìwé náà dé ìparí.

Èmi kò dá olùkọ́ náà lẹ́bi. Ìṣọ́ ni a kọ́ ọ, a kò kọ́ ọ ní ìtọ́jú. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí: ìtọ́jú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ iṣẹ́ tí a ń kọ́, tí a sì ní láti máa kọ́ kún un títí. Bí a kò bá sì mú ẹ̀kọ́ náà súnmọ́ àwọn olùkọ́ ìlú kéékèèké, ìwé tí a ń rà fún wọn kò ní sàn ju ẹrù tí a kó pamọ́ lọ.

Mo fi Wásinmi ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú yìí wà lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, nítòsí Ìkirè àti Apòmù. Orúkọ rẹ̀ gan-an ń pe èrò pé kí wọ́n wá sinmi. Bí a bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, Ìbàdàn ni a ó dé, níbi tí a ti dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní ọdún 1948, tí ilé ìkàwé ńlá sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá kọjú sí ìlà-oòrùn, Ilé-Ifẹ̀ ni, níbi tí ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi wà nínú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ ìwé tinú-tòde ń gba ojú ọ̀nà yìí kọjá nínú ọkọ̀. Ìmọ̀ ń lọ, ìmọ̀ ń bọ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà sọ̀ kalẹ̀ láti sinmi ní Wásinmi.

Kì í ṣe pé a kò tíì gbìyànjú ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1944, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ṣì ń lọ, a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ìwé ní Achimota ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí. Arábìnrin Ethel Fegan ni ó kọ́ wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ẹ̀kọ́ náà kò pẹ́ tí ó fi parí. Ní ọdún 1960 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ìwé sílẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọ̀dọ̀ àjọ Carnegie ti Amẹ́ríkà; John Harris, tí ó jẹ́ olórí ilé ìkàwé níbẹ̀, ni ó darí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Felicia Adetowun Ogunsheye, ẹni tí ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà ní ọdún 1973, gbé iṣẹ́ náà tọ àwọn ọmọdé lọ. Ní Abadina, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ni ó dá ibùdó ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ẹ kíyè sí ibi tí ó yàn: kì í ṣe àdúgbò àwọn ọ̀mọ̀wé, bí kò ṣe ti àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké.

Òfin pẹ̀lú kò dákẹ́. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa gbà pé ojúṣe ìjọba ìpínlẹ̀ ni láti pèsè owó fún yàrá ìkàwé nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọn, àti láti kọ́ àwọn tí yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1995, a fi òfin dá ìgbìmọ̀ tí ń fi orúkọ àwọn olùtọ́jú ìwé sílẹ̀ ní Nàìjíríà sílẹ̀. Ní ọdún 1999, àjọ UNESCO àti IFLA, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìkàwé àgbáyé, kéde pé olùtọ́jú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ yẹ kí ó jẹ́ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́, kí ó sì máa bá àwọn olùkọ́ yòókù pèrò pọ̀. Ọ̀rọ̀ dáradára ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kò ní ẹsẹ̀. Ènìyàn ni ó ń gbé e dé ìlú.

Ẹnìkan lè wí pé, "Kí tilẹ̀ ni ó wà nínú títo ìwé? Ẹni tí ó mọ̀wé kà, ṣé kò lè tò ó sórí pẹpẹ ni?" Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ẹ gbé ìwé Fágúnwà tí ó jáde ní ọdún 1938, *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́. Ó lè tò ó ti ìwé ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, nítorí pé ó rí ọdẹ àti igbó lára èèpo rẹ̀. Ó sì lè tò ó ti ìwé ìsìn, nítorí pé ó rí irúnmalẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ètò tí Melvil Dewey ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1876, èyí tí ó pín gbogbo ìmọ̀ sí ọ̀nà 10, abẹ́ 800 tí í ṣe ti lítíréṣọ̀ ni ìwé náà bọ́ sí, 896.333 sì ni nọ́ńbà lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ọmọ tí ó bá mọ èyí ní Wásinmi yóò mọ ibi tí yóò wò ní ilé ìkàwé èyíkéyìí tí ń lo ètò náà, ìbáà ṣe ní òkè òkun.

Síbẹ̀, títò ni ó rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà. Ìwé ilẹ̀ ayé kan lè wà lórí pẹpẹ tí ó ṣì ń kọ́ ọmọ pé Ìkirè wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nígbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ láti ọdún 1991. Olùṣọ́ kò ní yọ ọ́ kúrò, nítorí pé iye ìwé yóò dín. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ mọ̀ pé ìwé tí ó ti di irọ́ kò yẹ ní iwájú ọmọ. Bí ọmọ kan bá sì wí pé òun kò fẹ́ràn ìwé, olùṣọ́ yóò ní kí ó máa lọ. Olùtọ́jú yóò bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ràn: ṣé bọ́ọ̀lù ni, ṣé àlọ́ ni, ṣé ọkọ̀ ni, tàbí iṣẹ́ oko bàbá rẹ̀? Yóò sì wá ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó bá a mu. A kì í bí ọgbọ́n yìí mọ́ ènìyàn. Kíkọ́ ni a ń kọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ ẹ̀ẹ̀kan kò sì tó, nítorí pé ayé ń yí. Ní ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí a kó ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí nínú. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ìwé ní ọdún 1980 kò bá irú rẹ̀ pàdé. Lónìí, ọmọ a béèrè ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdáhùn a sì dà bò ó, òtítọ́ àti irọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn. Ta ni yóò kọ́ ọ láti béèrè ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ náà, ìgbà tí ó kọ ọ́, àti ìdí tí ó fi kọ ọ́? Iṣẹ́ olùtọ́jú ìwé náà ni, ní aṣọ tuntun.

Mo mọ̀ pé a ó sọ pé kò sí owó, àti pé ìwé gan-an kò tó, áńbọ̀sì ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn ìyá wa ní Ìkirè ti fèsì sí èyí láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n kọjá ààlà, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, ni wọ́n fi ń ṣe dòdò Ìkirè tí èrò ọkọ̀ ń rà lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kò yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ni ó yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni 40 ìwé tí ó ti gbó, lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ bí a ti í lẹ̀ ẹ́, bí a ti í yá a fún ọmọ, àti bí a ti í kà á sókè fún kíláàsì, yóò ṣe rere ju 400 ìwé tuntun lábẹ́ àgádágodo lọ.

Kí ni kí a ṣe, nígbà náà? Èkínní, ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìkàwé fún sáà kan kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí. Kí ó yá ìwé fún ènìyàn, kí ó gbà á padà, kí ó tún èyí tí ó ya ṣe.

Èkejì, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ìkirè, Apòmù àti Wásinmi máa pàdé fún ọjọ́ méjì ní ìsinmi sáà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa gbà á lálejò ní ìyípo, kí wọ́n sì máa pe olùtọ́jú ìwé kan láti Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀ kí ó sọ̀ kalẹ̀ kọ́ wọn. Láyé àtijọ́, ọjà Apòmù ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ṣòwò. Kò sí ohun tí ó ní kí ọgbọ́n má ṣe di ọjà níbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ́ olùkọ́ méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí a má baà pàdánù gbogbo iṣẹ́ náà ní ọjọ́ tí a bá gbé ọ̀kan lọ sí ibòmíràn.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù lọ, kí a mú ìbẹ̀rù gbèsè kúrò. A ó ya ìwé tí ó gbó lọ́wọ́ òǹkàwé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a jí. Ìwé àkọsílẹ̀ tí orúkọ ọmọ àti ọjọ́ tí ó yá ìwé wà nínú rẹ̀ ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn. Kí alábẹ̀wò sì yí ìbéèrè rẹ̀ padà. Kí ó má ṣe béèrè mọ́ pé, "Ìwé mélòó ni ó kù?" Kí ó béèrè pé, "Ìwé mélòó ni ó jáde ní oṣù yìí, ta ni ó sì kà wọ́n?" Bí ìbéèrè yìí bá wà láìsí ẹ̀kọ́, yóò kàn di ìyọlẹ́nu fún olùkọ́. Bí ẹ̀kọ́ bá sì wà láìsí ìbéèrè yìí, ilẹ̀kùn yóò tún padà di títì.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ a ó tú ká lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri. Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá yóò na kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkàwé sí ẹnìkan nínú wa, ó sì lè jẹ́ pé bí ìyà ni ó ṣe nà án. Kí a fi ọ̀wọ̀ gbà á. Kí a sì sọ fún ọ̀gá, ní ọjọ́ náà gan-an, pé a fẹ́ àyè láti kọ́ iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀, àti pé nígbà tí a bá padà dé, ilẹ̀kùn náà yóò máa wà ní ṣíṣí.