Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọ̀dọ́ Wa Jiyàn Lórí Ìwé

Ẹ̀yin òbí tí ń bẹ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ẹ fetí sí mi. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa bá jókòó tí wọ́n ń jiyàn lórí ìwé ìtàn iwin àti ti àwọn ẹ̀dá tí ó ti ojú ọ̀run wá, àwọn àgbà ìjọ kan a máa bá wọn wí pé irọ́ àti ìbọ̀rìṣà ni wọ́n ń kà.

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú Ìwé Onídàájọ́, orí 9, Jótámù pa òwe àwọn igi tí ń wá ọba: igi ólífì fọhùn, igi ẹ̀gún sì dáhùn. Ta ni ó ha pè é ní òpùrọ́? D. O. Fágúnwà, ẹni tí í ṣe olùkọ́, kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. ni ó sì tẹ̀ ẹ́ ní 1938.

Ohun tí ó yẹ kí ó dùn wá ni èyí: ọ̀pọ̀ ọmọ lè ròyìn Lagoon, ìwé tí Nnedi Okorafor kọ ní 2014 nípa àwọn àjèjì ojú ọ̀run tí wọ́n sọ̀ sínú òkun Èkó, ṣùgbọ́n wọn kò lè ka ojú ewé kan nínú ìwé Fágúnwà. Ẹ̀bi wọn kọ́. Àwa ni a kò kọ́ wọn.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bá wọn kà á, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè pé: Ìwà akọni yìí ha tọ́ bí? Ọmọ tí ó bá kọ́ láti dán ìwé wò nílé, ẹlẹ́tàn kì yóò rí i mú lóde.