Ẹ Má Bú Kérésìmesì, Ẹ Ṣe Iléyá

Ẹ̀yin òbí Mùsùlùmí tí ẹ wà ní London, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Bí oṣù Kejìlá bá ti dé, igi Kérésìmesì tí ìlú Oslo ń fi ta London lọ́rẹ láti 1947 á dúró ní Trafalgar Square, iná á máa tàn yòò nígboro. Lọ́jọ́ 25, bọ́ọ̀sì kì í rìn. Ọmọ yín á béèrè pé, "Màámi, ìgbà wo ni tiwa?" Ẹ̀yin á jágbe mọ́ ọn pé, "Haraamu ni!" Ṣé ìdáhùn nìyẹn?

Ẹ wo àwọn Yahudi. Wọn kò tó Mùsùlùmí níye nílùú náà, síbẹ̀ alẹ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi ń tan fìtílà Hánúkà, tí wọ́n ń sọ fún ọmọ bí baba ńlá wọn ṣe gba ilé ìjọsìn Jerúsálẹ́mù padà lọ́wọ́ ọba tó fẹ́ pa ẹ̀sìn wọn rẹ́. N kò ní kí a bá wọn tan fìtílà o. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni kí a mú.

Lọ́jọ́ Iléyá ńkọ́? Bàbá á lọ síbi iṣẹ́, ọmọ á lọ sílé-ìwé. Bẹ́ẹ̀ òfin England kì í bá òbí wí bí ọmọ kò bá wá lọ́jọ́ ọdún ẹ̀sìn wọn. Ta ló wá gba ọdún lọ́wọ́ ọmọ náà? Àwa òbí ni!

Ẹ dá aṣọ fún wọn, ẹ kó wọn lọ sí yídì, ẹ ka Suratu Mariyama fún wọn, kí wọ́n mọ̀ pé Ànábì Isa kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí Allah má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.