Ẹ̀jẹ̀ Ẹnì Kan, Ọ̀rọ̀ Agbo Ilé

Ó ti di àṣà nínú ọ̀pọ̀ ìjọ láti béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ àti ìyàwó ojú-ọ̀nà kí a tó so wọ́n pọ̀, nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò mìíràn wà tí ó gbòòrò ju èyí lọ, tí a kò gbọdọ̀ fi ojú kan náà wò.

Ní 2002 ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní HapMap, láti mọ bí ohun àjogúnbá inú ara, èyí tí í ṣe DNA, ti yàtọ̀ láàrin ènìyàn. Wọ́n lo ẹ̀jẹ̀ Yorùbá 90 ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ láti inú ìdílé 30. Wọn kò jí i gbà: wọ́n bá ará àdúgbò sọ̀rọ̀, wọ́n gba ìyọ̀ǹda, wọn kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ọn. Wọ́n tilẹ̀ ní kí a máa kọ ọ́ pé Yorùbá ní Ìbàdàn, kí a má baà rò pé gbogbo Yorùbá ni a ti yẹ̀ wò.

Síbẹ̀, ẹ kíyèsí i: ẹ̀jẹ̀ náà kò tán. Ilé iṣẹ́ Coriell ní Amẹ́ríkà ni ó ń tọ́jú rẹ̀. A mú kí ohun wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ máa dàgbà nínú ìgò, a sì ń pín in fún àwọn onímọ̀ káàkiri ayé, fún iṣẹ́ tí ẹni tí ó na apá kò lè mọ̀ tán lọ́jọ́ náà. Ilé iṣẹ́ 54gene pẹ̀lú dìde ní 2019, ó ń kó irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ ní Nàìjíríà. Ní 2023 ó kógbá sílé. Bí olùpamọ́ bá lọ, ta ni yóò jogún ohun tí a fi sí i lọ́wọ́?

Àwọn baba wa mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó. Alárinà a máa wádìí bóyá wárápá, ẹ̀tẹ̀ tàbí wèrè wà nínú ìdílé. Bí òkìkí bá sì ti kan ilé kan, àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ a pẹ́ kí wọ́n tó rí ọkọ, àní àwọn tí ara wọn le. Ohun tí a bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ó kan àbúrò rẹ̀ tí a kò bi léèrè.

A kò wí pé kí ẹ fi apá pamọ́. Ara àwọn ènìyàn Yúróòpù ni a ti ṣe púpọ̀ jù nínú ìwádìí wọ̀nyí. Bí àwa kò bá sí níbẹ̀, oògùn tí yóò ti ibẹ̀ wá lè má bá ara wa mu. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù béèrè kí ó tó fọwọ́ sí ìwé: Kí ni ẹ ó fi ṣe? Ta ni yóò tọ́jú rẹ̀, ọdún mélòó sì ni? Ta ni yóò gbọ́ àbájáde rẹ̀? Bí mo bá yí ọkàn padà, ǹjẹ́ ẹ lè dá a padà? Bí kò bá gbọ́ èdè òyìnbó, kí a kà á sí i létí ní Yorùbá. Àwa tí ń gba ìwé àyẹ̀wò nínú ìjọ, kí a pa àṣírí mọ́ pẹ̀lú. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a wo ilé kí a tó na apá.