Ààlà Ń Yí, Olùgbé Kò Ṣí

Àwọn àgbà ni wọ́n sọ ọ́ pé ibi tí ayé bá bá ni là á ti í jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ayé bá ní Zaria. Láti ìgbà tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ti dé ilẹ̀ Àríwá, ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú náà: akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, oníṣòwò, télọ̀ àti olùkọ́. Wọ́n tẹ̀dó sí Sabon Gari, wọ́n sì tàn dé Tudun Wada àti Samaru. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí síbẹ̀, wọ́n sin òkú wọn síbẹ̀, wọ́n bí ọmọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ti bí ọmọ tiwọn.

Síbẹ̀, nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá yege nínú ìdánwò, tí ó sì lọ béèrè owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ ìjọba, ìbéèrè kan a máa dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà: ọmọ ìpínlẹ̀ wo ni? Bí ó bá dáhùn pé Kaduna ni, wọn a ní kí ó mú ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá. Bí ó bá padà sí ìpínlẹ̀ baba rẹ̀, wọn a ní àwọn kò mọ̀ ọ́n rí. Ọmọ náà a wá dà bí àdán, tí kò ṣe eku, tí kò ṣe ẹyẹ.

Ó yẹ kí tonílé tàlejò mọ ìtàn ohun tí à ń fi ya ọmọ yìí sọ́tọ̀. Ìpínlẹ̀ kò ti ọ̀run wá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde àṣẹ rẹ̀ lórí ilẹ̀ Àríwá, tí Lugard sì di olórí ibẹ̀. Bí wọ́n ti ń gba ilẹ̀ ni wọ́n ń pín in sí ẹkùn, èyí tí àwọn àgbà mọ̀ sí pírófíǹsì, tí wọ́n sì ń fi ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ṣe alákòóso ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Zaria bọ́ sábẹ́ wọn ní 1902, ó sì di olórúkọ ẹkùn tirẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ìpín náà ṣe ni pé kí owó orí lè wọlé, kí ẹjọ́ ní ibi tí a ó ti dá a, kí lẹ́tà ìjọba sì mọ ọ́fíìsì tí yóò lọ. Ẹ̀jẹ̀ àti èdè kọ́ ni òdiwọ̀n rẹ̀. Nínú Ẹkùn Zaria kan náà ni àwọn ará Zazzau wà pẹ̀lú ọba wọn, ibẹ̀ náà sì ni àwọn Atyap tí à ń pè ní Kataf wà, tí èdè àti ìṣe wọn yàtọ̀ pátápátá.

Ẹni tí ó bá rò pé ààlà jẹ́ ohun tí kì í yẹ̀, kí ó wo Katsina. Abẹ́ Ẹkùn Zaria ni ó wà nígbà kan. Ní 1934 ni ìjọba mú un kúrò níbẹ̀, wọ́n so ó mọ́ Daura tí wọ́n yọ lára Kano, méjèèjì sì di Ẹkùn Katsina. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967, nígbà tí Ọ̀gágun Yakubu Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, wọ́n tún so Katsina àti Zaria pọ̀, wọ́n sì pè é ní Ìpínlẹ̀ Àárín-Gbùngbùn Àríwá. Ní 1976, nígbà tí ìpínlẹ̀ di 19, orúkọ yìí yí padà sí Kaduna. Ní 1987, wọ́n tún ya Katsina sọ́tọ̀. Ó dà bí tọkọtaya tí ó kọ ara wọn, tí wọ́n tún fẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì tún kọ ara wọn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sí Sabon Gari ní 1933, tí ẹ̀mí rẹ̀ sì gùn, ti gbé nínú Ẹkùn Zaria, nínú Ìpínlẹ̀ Àárín-Gbùngbùn Àríwá àti nínú Ìpínlẹ̀ Kaduna, láìká ẹní náà kúrò nílẹ̀.

Èyí tí ó kan ọmọ Yorùbá jù tún wà níbẹ̀. Nígbà tí òyìnbó fa ààlà láàárín Àríwá àti Gúúsù, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Kabba bọ́ sí Àríwá, Ogbómọ̀ṣọ́ àti Ìkìrun bọ́ sí Gúúsù. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960, ìjọba Àríwá gbé ètò kan kalẹ̀ pé ọmọ Àríwá ni kí ó máa kọ́kọ́ gba iṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Ètò náà ní ìdí tí ó ṣe gúnmọ́, nítorí ilé-ìwé kò tètè pọ̀ ní Àríwá, ẹ̀rù sì ń ba àwọn olórí ibẹ̀ pé àwọn ará Gúúsù yóò gba gbogbo àga tán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó bí ní Sabon Gari. Ará Ọ̀fà àti ará Ogbómọ̀ṣọ́ jọ ń gbé àdúgbò kan, wọ́n jọ ń sọ èdè kan. Ọ̀kan di ọmọ Àríwá, èkejì di àlejò. Kì í ṣe ìwà, kì í ṣe ẹ̀kọ́, kì í ṣe iye ọdún tí wọ́n ti lò ní Zaria ni ó yà wọ́n. Ìlà tí a fà sórí ìwé ni.

Ìbẹ̀rù pé ẹ̀yà kan lè gba tọwọ́ ẹ̀yà mìíràn náà ni ó wà nídìí àṣẹ inú Ìwé Òfin 1979, pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa rí tiwọn gbà nínú ipò ìjọba. Ìwé Òfin 1999, èyí tí à ń lò lónìí, tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ àlàáfíà tí yóò bu ẹnu àtẹ́ lu èrò náà. Ṣùgbọ́n ẹnu méjì ni òfin yìí fi ń sọ̀rọ̀. Abala 41 ní ọmọ Nàìjíríà lè gbé ibi tí ó bá wù ú. Abala 42 ní a kò gbọdọ̀ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ nítorí ẹ̀yà rẹ̀ tàbí ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Abala 15 ní kí ìjọba rí i pé olùgbé ní ẹ̀tọ́ kíkún níbi gbogbo. Nígbà tí ó wá di Abala 318, tí ó ń túmọ̀ ẹni tí í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ kan, òbí tàbí òbí àgbà tí ó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ nìkan ni ó mẹ́nu bà. Kò sọ ti ibi tí a bí ènìyàn sí. Kò sọ ti owó orí.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní ẹkùn bíi tiwa, wọn kò sì fi dí olùgbé lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Spéìn, mínísítà kan tí ń jẹ́ Javier de Burgos pín ilẹ̀ náà sí ẹkùn 49 ní 1833. Ní 1927 tí wọ́n pín erékùṣù Canary sí méjì, ó di 50. Èdè wọn ju ẹyọ kan lọ, wọ́n sì máa ń jiyàn kíkan lórí ipò àti agbára. Ṣùgbọ́n òfin wọn ni pé ẹni tí ó bá ń gbé ìlú kan yóò fi orúkọ sílẹ̀ nínú ìwé olùgbé ìlú náà, ìyẹn ni yóò sì fi di ará ibẹ̀. Láàárín 1950 sí 1975, ogunlọ́gọ̀ àgbẹ̀ kúrò ní Andalusia lọ wá iṣẹ́ ní Barcelona, ní ilẹ̀ Catalonia, níbi tí èdè ti yàtọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá ìṣípòpadà náà lọ ni José Montilla, tí a bí ní Iznájar ní ẹkùn Córdoba ní 1955. Ní 2006, òun ni ó di olórí ìjọba Catalonia, ó sì wà lórí oyè títí di 2010. Àwọn kan fi bí ó ti ń sọ èdè Catalan ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí ó mú ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá.

Kí ọmọ Yorùbá tó nàka sí onílé rẹ̀ ní Zaria, kí ó rántí Sábó Ìbàdàn. Ní 1916 ni wọ́n ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa. Ọmọ tí a bí níbẹ̀, tí ó ń pa òwe Yorùbá lẹ́nu, ni ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní àlejò. Òṣùwọ̀n tí a fi wọ̀n fún ọmọ Sábó ni wọ́n fi ń wọ̀n fún ọmọ Sabon Gari. Kí ó sì rántí Ghana pẹ̀lú. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ó jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a bí síbẹ̀ ni ó kó ẹrù padà sí ìlú baba tí wọn kò rí rí. Ilẹ̀ àjèjì ni Ghana. Nàìjíríà ni Zaria.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kaduna ti dá àjọ tí ń forúkọ olùgbé sílẹ̀, ó sì tọ́ kí á kan sáárá sí wọn. Ohun tí ó kù ni kí káàdì olùgbé ní agbára lórí owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́, lórí àyè ní ilé-ìwé gíga àti lórí iṣẹ́. Kí Ilé Aṣòfin Àgbà àti Ilé Aṣojúṣòfin ní Àbújá sì tún Abala 318 ṣe, kí ó lè gba ẹni tí a bí sí ìpínlẹ̀ kan tàbí tí ó ti gbé ibẹ̀ fún iye ọdún tí òfin bá là sílẹ̀, tí ó sì ń san owó orí rẹ̀. Bí òfin bá béèrè ọdún pípẹ́, kò burú. Onílé nílò ìdánilójú pé ẹni tí ó fẹ́ jẹ nínú oko ti bá òun ro ó.

Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ olùgbé náà. Ẹni tí ó ń kọ́ ilé sí ìlú baba rẹ̀, tí kò gba ìwé ìbí fún ọmọ tí ó bí sí Zaria, ni ó ń fún ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní agbára. Kí bàbá àti ìyá gba ìwé ìbí ọmọ, kí wọ́n tọ́jú rìsíìtì owó orí, kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbi tí wọ́n ń gbé. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, tí wọ́n ń dáwó fún òkú àti ìgbéyàwó, máa bi ara wọn ní ìpàdé pé ọmọ ta ni kò tíì ní ìwé. Nígbà tí òfin bá yí padà, ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pé ni yóò kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀.