Ẹ má tíì ta kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn: ọ̀rọ̀ Netscape àti Outlook Express

 

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwa tí a ti ń fi kọ̀ǹpútà kọ lẹ́tà kí GSM tó dé ní 2001. Èwo ló dára jù nígbà náà fún ímeèlì àti newsgroup, Netscape Communicator ni àbí Outlook Express? Àwọn ọ̀dọ́ á ní kí ló kàn wọ́n níbẹ̀. Ó kàn wọ́n, ẹ ní sùúrù.

Èmi o, Netscape ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní 1997 ni Communicator jáde. Gbogbo nǹkan ló wà nínú rẹ̀ pọ̀: Navigator tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, Messenger fún lẹ́tà, Collabra fún newsgroup. Ọdún yẹn kan náà ni Microsoft gbé Internet Explorer 4 jáde, tòun ti Outlook Express. Tiwọn ò gba kọ́bọ̀. Nígbà tó di oṣù kìíní 1998, Netscape náà ní òun ò gbowó mọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ẹni tó ra kọ̀ǹpútà tuntun bá Outlook Express nínú Windows, ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣiṣẹ́, kí ló tún ń wá kiri? N ò bá a wí.

Eudora náà wà, tí Steve Dorner kọ ní yunifásítì Illinois ní 1988. Ó dára gan-an, àmọ́ lẹ́tà nìkan ló mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ newsgroup á tún wá nǹkan míì kún un. (Ẹ̀yin tí ẹ ò bá newsgroup, ẹ rò ó bíi pátákó ìkéde tí ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ káàkiri ayé. Ní soc.culture.nigeria, àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà àti Lọ́ńdọ̀nù máa ń pàdé níbẹ̀. Èébú ibẹ̀ pọ̀ ju ọgbọ́n lọ nígbà míì.)

Wọ́n á ní Netscape wúwo, ó máa ń dákú. Òótọ́ ni. Wọ́n á ní Outlook Express yá ju u lọ. Òótọ́ náà ni. Ní ti owó tẹlifóònù, àwọn méjèèjì ló jẹ́ kéèyàn kọ lẹ́tà kalẹ̀ kó tó tẹ̀ nọ́ńbà, kó fi wọ́n ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì já laini NITEL. Kò sí ìjà níbẹ̀. Àmì orí ọ̀rọ̀ wa náà, a kì í sábà rí i lò nígbà yẹn: ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, gbogbo wọn ló di oko.

Ibi tí èmi ti ń bá wọn jà ni ibi tí lẹ́tà ń sùn sí. Netscape ń kó lẹ́tà sínú fáìlì lásán, tó jẹ́ pé ètò èyíkéyìí tó lè ka ọ̀rọ̀ lè kà á. Outlook Express ń dì wọ́n sínú fáìlì .dbx tirẹ̀. Ìyẹn dà bí kéèyàn kó ẹrù sínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ onílé. Àwa tí a ti fi òru kó ẹrù kúrò nílùú onílùú rí, ṣé ó yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún wa pé ẹrù tó ṣeé gbé ló dára?

Ẹ wá wo bó ṣe parí. Nígbà tí Windows Vista dé ní 2007, Outlook Express ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Netscape náà kú ní 2008, ṣùgbọ́n wọ́n ti tú àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti 1998. Ibẹ̀ ni Mozilla ti wá, tí Thunderbird sì tẹ̀ lé e ní 2004. Lẹ́tà tí Netscape gbà ní 1999, Thunderbird á ṣí i lónìí.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí nìyí. Láyé ìgbà yẹn, bí kọ̀ǹpútà bá ti gba lẹ́tà wálé, ó sábà máa ń pa á rẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá wa gbé e. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù wà nínú ẹ̀rọ tó wà ní iyàrá ẹrù yín yẹn. Lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n kọ láti Lọ́ńdọ̀nù nípa ilẹ̀ ìdílé, iye tí wọ́n san, ta ló ṣe ẹlẹ́rìí, ó lè wà níbẹ̀. Ẹ sì fẹ́ gbé e fún baban bola!

Ẹ yọ hard disk rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ta páànù tó kù. Ẹ wá fódà Netscape, lẹ́yìn náà Users, kẹ́ ẹ wá orúkọ ẹni tó ni ín, kẹ́ ẹ ṣí Mail. Fáìlì tó ń jẹ́ Inbox àti Sent lẹ ń wá. Èyí tó bá ní.snm lẹ́yìn, atọ́ka lásán ni. Ẹ da wọ́n kọ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Bó bá jẹ́ .dbx lẹ rí, ẹ má jù ú nù, ètò tó ń tú u wà, wàhálà rẹ̀ ló kàn pọ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá rí fáìlì tó kọ̀ láti ṣí, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ká jọ wò ó.