Ìjà kọ́ ló pa ECW, gbèsè ni

Alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1994 ni, nínú gbọ̀ngàn kan ní ìhà gúúsù ìlú Philadelphia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé bẹ́líìtì oyè àgbáyé lé onígídígbò kan tó ń jẹ́ Shane Douglas lọ́wọ́. Bẹ́líìtì ọ̀hún kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ o. NWA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣagbátẹrù gídígbò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, ló ni ín, ọ̀pọ̀ ògbóǹtarìgì ló sì ti sán an mọ́dìí rí. Aṣojú NWA wà nítòsí, ó ń retí pé kí ọkùnrin náà dúpẹ́. Àfi bí Douglas ṣe ju bẹ́líìtì náà mọ́lẹ̀ gbàà! Ó lóun ò fẹ́ oyè ẹgbẹ́ tó ti kú, ti ilé tóun ti ń jà lòun máa gbé. Ẹnu ya tọmọdé tàgbà.

Àṣé àwọn ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ sí i. Tod Gordon, oníṣòwò góòlù kan nílùú náà, ló dá ẹgbẹ́ gídígbò yìí sílẹ̀ ní 1992. Eastern Championship Wrestling ló sọ ọ́, ECW làwọn èèyàn ń pè é. Ọdún kejì ẹ̀ ló gbé Paul Heyman wọlé pé kó máa bá òun to ìjà, ọmọ New York kan tí ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ. Àwọn méjèèjì àti Douglas ni wọ́n jọ pète bẹ́líìtì jíjù yẹn. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n yọ Eastern kúrò lórúkọ, tí wọ́n fi Extreme sí i. Ìtumọ̀ Extreme ò sì ju àṣejù lọ. Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ̀tẹ́ gbà wọlé ECW kì í ṣe ọ̀nà táwọn èèyàn ń ṣọ́.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ń lò, tẹ́tẹ́ bíńgò ni wọ́n máa ń ta níbẹ̀ láwọn ọjọ́ yòókù. Kò sí àga ìrọ̀rùn, kò sí iná aláràbarà. Ohun tí wọ́n fi ń ja ìjà ló yàtọ̀: àga onírin, tábìlì, àkàbà, wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Kódà àwọn òǹwòran a máa gbé páànù ìdínran wá látilé pé kí wọ́n fi la ara wọn lórí! Òótọ́ ni pé nínú irú gídígbò yìí, wọ́n ti mọ ẹni tó máa borí kí wọ́n tó wọ pápá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé èèyàn la orí tábìlì, ẹ̀yìn tirẹ̀ ò mọ̀ pé eré ni. Ní oṣù kẹjọ 1997, wáyà ẹlẹ́gùn-ún fa iṣan apá ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Sabu ya. Ńṣe ló fi téèpù dì í, tó ń bá ìjà lọ. Kí wọ́n rántí Sabu yìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń bọ̀.

Nígbà yẹn, iléeṣẹ́ ńlá méjì ló ń jẹ gàba lórí gídígbò Amẹ́ríkà: WWF ti Vince McMahon àti WCW ti Ted Turner. Owó pọ̀ lọ́wọ́ wọn. ECW ò lówó, ojú ló ní, ó mọ ẹni táwọn olówó ò kà sí. WCW lé Steve Austin lẹ́nu iṣẹ́ ní 1995 nígbà tó fara pa. ECW ló gbà á, ibẹ̀ ló ti rí ẹnu sọ̀rọ̀ kó tó lọ di ìràwọ̀ ní WWF. Mick Foley, Rey Mysterio, Chris Jericho, gbogbo wọn ló gba ibẹ̀ kọjá. Bí ECW bá tọ́ ọmọ dàgbà tán, olówó á wá gbé e lọ. Ní oṣù kẹjọ 1995 tí Eddie Guerrero àti Dean Malenko ja ìjà ìdágbére, ńṣe làwọn òǹwòran ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lọ. Omi bọ́ lójú, ṣùgbọ́n wọ́n lọ. Ta ló fẹ́ bá wọn wí? Ẹni tó ní ìdílé, àtẹ́wọ́ nìkan ò lè bọ́ ọ.

Ìfẹ́ àwọn òǹwòran yìí náà ló gbé ECW débi gíga. Ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1997 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ètò tó jẹ́ pé èèyàn á sanwó kó tó lè wò ó lórí tẹlifíṣàn nílé. Àwọn tó ń ta irú ètò bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ ní àwọn ò ṣe mọ́, pé ẹ̀jẹ̀ tiwọn ti pọ̀ jù. Àwọn olólùfẹ́ ECW ló bẹ̀ wọ́n títí tí wọ́n fi gbà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Terry Funk, ẹni ọdún 52, na Raven, ó sì gba oyè. Ètò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí afẹ́fẹ́ ni iná gbọ̀ngàn bá kú! Ká ní ó kú ṣáájú ìgbà yẹn ni, owó wọn ti wọmi.

Ṣùgbọ́n gbèsè ti ń yọjú. Gordon bá tirẹ̀ lọ lọ́dún yẹn, ó ku Heyman nìkan nídìí ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ Heyman lè mú kí èèyàn bẹ́ sódò, àmọ́ báńkì kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn. Owó àwọn òṣìṣẹ́ ń pẹ́, ṣẹ́ẹ̀kì tí wọ́n gbà ń padà. Síbẹ̀ wọ́n ń bọ̀ níṣẹ́, torí wọ́n gbà pé ilé àwọn ni. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1999, ọdún márùn-ún géérégé tí Douglas ju bẹ́líìtì, tẹlifíṣàn TNN bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ECW káàkiri Amẹ́ríkà. Wọ́n rò pé ìyà ti tán. Ìyà ò tán.

Ní oṣù kẹrin 2000, Mike Awesome tó di oyè ECW mú bọ́ sí WCW láìtíì gbé oyè sílẹ̀. Heyman sáré tọ McMahon lọ, ìyẹn yá a ní Tazz, tó ti kúrò ní ECW lọ sí WWF. Bí òṣìṣẹ́ WWF ṣe na òṣìṣẹ́ WCW ní Indianapolis nìyẹn, nítorí oyè ECW! Ẹni tó ni oyè ò ní ọmọ kankan nínú ìjà.

TNN gba WWF wọlé, ó sì já ECW sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2001 ni wọ́n ja ìjà ìkẹyìn, ní Pine Bluff ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ibi tó jìnnà réré sí Philadelphia. Nígbà tó di oṣù kẹta, àwọn tó ń retí owó wọn tan tẹlifíṣàn. Ta ni wọ́n rí? Heyman ni! Ó ti jókòó sórí ètò WWF, ó ń ṣàlàyé ìjà fún McMahon.

Ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ni ìwé dé kóòtù pé ECW ti wọko gbèsè. Gbèsè ọrùn wọn lé ní mílíọ̀nù 8.8 dọ́là, dúkìá wọn ò sì tó mílíọ̀nù 1.4. Wọ́n to orúkọ àwọn tí wọ́n jẹ lówó: Rob Van Dam, 150,000 dọ́là, Tommy Dreamer, tó dúró tì wọ́n dópin, 100,000 dọ́là. Sabu tó fi téèpù di apá tó ya ńkọ́? Dọ́là 2 ni wọ́n kọ síwájú orúkọ tirẹ̀. Dọ́là méjì péré!

WWF ti di WWE nígbà tó ra orúkọ ECW àti fídíò ìjà wọn ní 2003. Ní 2005, wọ́n fi orúkọ náà ṣe ètò ńlá ní New York, èrò sì ya bò ó. Wọ́n tún jí i dìde ní 2006, ó sì parí ní 2010. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòòji.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kí òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn dá dúró máa béèrè owó rẹ̀ nígbà tó bá tó gbà. Àṣejù tó pa ECW kì í ṣe ti àga àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Àṣejù ìlérí ni.