Etí Odò Ògùnpa: Ta Ni Ó Ni Ín?

Kò sí àgbà ìlú Ìbàdàn tí kò mọ Omíyalé. Ní ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù kẹjọ, 1980, odò Ògùnpa kún wọ yàrá, ó sì gbé ènìyàn tí ó lé ní 100 lọ. Òjò 26 oṣù kẹjọ, 2011, tún ṣe ìlú náà ní ọṣẹ́ ńlá. Bí omi bá ti fà tán, a ó máa kùn sí ìjọba, a ó máa kùn sí òjò; ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́lé sí ojú ọ̀nà odò?

Lóòótọ́, a ti fi kọnkéré tẹ́ ojú odò náà níbi púpọ̀. Kọnkéré kì í mu omi, bí ìdọ̀tí bá sì ti dí i, inú ilé ni omi yóò yà sí. Èrò tèmi ni pé kí á sọ etí Ògùnpa di ọgbà ìgbafẹ́ fún tẹrú-tọmọ. Koríko àti igi yóò mu nínú òjò. Bí odò bá sì kún, orí pápá ni yóò tẹ́ sí, kì í ṣe orí ẹní ọmọdé.

Àwọn kan yóò ní àṣà òyìnbó ni èyí. Rárá o! Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75. Èèwọ̀ ni kí á pẹja níbẹ̀, èèwọ̀ ni kí á dọdẹ, èèwọ̀ ni kí á gégi. UNESCO kà á kún ogún gbogbo ayé ní 2005, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ti ń ṣọ́ ọ tipẹ́tipẹ́ kí òfin tó dé.

Ògùnpa pàápàá ní ọgbà tirẹ̀ ní Agodi. Omi 1980 ni ó bà á jẹ́. A tún un ṣe, a sì ṣí i padà ní 2014. Ó lẹ́wà, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n owó ni a fi ń wọ̀ ọ́. Ọmọ Mọ́lété tí omi lé bàbá rẹ̀ jáde nílé, níbo ni yóò ti rówó ìwọlé?

Èyí tí ó le jù ni ti àwọn tí ń gbé etí odò. Ilẹ̀ ẹbí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó lé, wọn kò jí i. Bí ìjọba bá kàn rán katakata lọ ní kùtùkùtù, láìsan owó gbà-má-bínú, láìfún wọn ní ilẹ̀ mìíràn, a jẹ́ pé olówó ni yóò wá máa ṣe fàájì lórí ìpìlẹ̀ ilé tálákà. Kí á kọ́kọ́ pe àwọn mọ́gàjí, kí á wọn ilẹ̀ níṣojú wọn, kí á san ohun tí ó tọ́, kí á tó wó ògiri kan. Lẹ́yìn náà ni kí á gbin igi, kí á má sì fi agbowó sí ẹnu ọ̀nà.